Orí Keje: Eré Apanilẹ́rìn-ín, Láti Orí Ìtàgé Bọ́ Sínú Fíìmù

Èròńgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi máa ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè ṣàlàyé ohun tí ìsọdi-fíìmù jẹ́. Ó yẹ kí ó lè tọ́ka sí ohun tí eré ń pàdánù àti ohun tí ó ń jèrè bí ó bá kúrò lórí ìtàgé, kí ó sì lè fi fíìmù *Arsenic and Old Lace* ti Amẹ́ríkà wé iṣẹ́ ẹgbẹ́ Aláwàdà ti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀. Ní ìparí, ó yẹ kí ó lè kọ ìran kúkurú kan fún ìtàgé, kí ó sì tún ìran kan náà kọ fún kámẹ́rà.

A ṣètò ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní Houston àti àwọn ìlú tó yí i ká bíi La Porte. Ìdí nìyí tí díẹ̀ nínú àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ fi wá láti ibi tí ojú wọn ń rí lójoojúmọ́.

1. Àwọn ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀

Eré orí ìtàgé ni eré tí òṣèré ń ṣe níwájú àwọn tó wá wò ó, tí ẹ̀rín, híhó tàbí ìdákẹ́rọ́rọ́ wọn sì ń dé etí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Eré apanilẹ́rìn-ín ni èyí tí òǹkọ̀wé dìídì gbé kalẹ̀ láti pa òǹwòran lẹ́rìn-ín. Ikú, gbèsè àti ìtànjẹ lè wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà sọ wọ́n ló ń fa ẹ̀rín. Ìtàkùrọ̀sọ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ń bá ara wọn sọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú-ẹsẹ̀ jẹ́ èyí tí òṣèré sọ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ìsọdi-fíìmù ni iṣẹ́ mímú ìtàn tó ti wà tẹ́lẹ̀, bí eré orí ìtàgé tàbí ìtàn àròsọ, kí a sì tún un tò fún kámẹ́rà. Bí ẹnì kan bá kàn gbé kámẹ́rà síwájú ìtàgé tó ń ya ohun tó ń lọ níbẹ̀, ìkásílẹ̀ eré ni iṣẹ́ tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ pe ìyẹn ní ìsọdi-fíìmù. Ọ̀rọ̀ kan tó kù ni àwòrán àsúnmọ́: àwòrán tí kámẹ́rà yà nígbà tí ó sún mọ́ òṣèré tàbí nǹkan débi pé ojú ènìyàn nìkan, tàbí ọwọ́ rẹ̀, lè gba gbogbo ojú fíìmù.

2. Ibùdó ìtàn: ọ̀rọ̀ ẹnu àti ohun tí ojú rí

Ká ní òǹkọ̀wé kan fẹ́ kí eré rẹ̀ wáyé ní La Porte, lẹ́bàá Galveston Bay. Ọ̀pá ìrántí San Jacinto wà nítòsí ìlú náà. Ilé gogoro tó ga tó 567 ẹsẹ̀ bàtà ni, wọ́n kọ́ ọ sí ibi tí ogun ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1836 ti wáyé, ìràwọ̀ ńlá kan sì wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀. Kò sí gbọ̀ngàn eré tó lè gbà á. Lórí ìtàgé, òṣèré lè gbójú sókè, kí ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn, kí ó sì pariwo pé ọrùn ti fẹ́ kán mọ́ òun. Àwọn òǹwòran á gbà pé ilé gogoro náà wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìṣesí ara ló kọ́ ilé náà.

Kámẹ́rà kì í gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wọlé bọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe fíìmù á gbé kámẹ́rà rẹ̀ dé ìdí ọ̀pá náà, á ya á láti ìsàlẹ̀ dé ibi ìràwọ̀, lẹ́yìn náà á fi bàbá kan hàn ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tó kéré bí èèrà, tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nínú koríko. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín ti dé. Ìwọ̀n ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ènìyàn ló fa ẹ̀rín náà.

Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo àpẹẹrẹ tó kù nínú orí yìí dúró lé lórí. Ìtàgé ní òǹwòran tí wọ́n ń bá a ṣe iṣẹ́, fíìmù kò ní. Ẹni tó bá ń gbé eré apanilẹ́rìn-ín lọ sínú fíìmù gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn fi dí àlàfo tí òǹwòran fi sílẹ̀.

3. *Arsenic and Old Lace*: ilé kan ní Brooklyn

Joseph Kesselring ló kọ eré yìí. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Fulton Theatre, Broadway, ní ìlú New York, ní oṣù Kíní ọdún 1941, ó sì wà lórí ìtàgé títí di ọdún 1944, ìgbà 1,444 ni wọ́n ṣe é. Frank Capra ló darí fíìmù rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Warner Bros.

3.1 Ìtàn náà. Abby àti Martha Brewster jẹ́ ìyá àgbà méjì tí gbogbo àdúgbò ń yìn fún inúure. Ohun tí àdúgbò kò mọ̀ ni pé bí bàbá arúgbó kan tí kò ní ará bá wá gba yàrá lọ́wọ́ wọn, wáìnì tí wọ́n po májèlé mọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é lálejò, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìdánìkanwà. Sàráà ni wọ́n ka ìpànìyàn náà sí. Teddy, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, gbà tọkàntọkàn pé òun ni Ààrẹ Theodore Roosevelt. Ó ń gbẹ́ Panama Canal nínú yàrá abẹ́ ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sin àwọn òkú náà sí. Mortimer, àbúrò Teddy, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ríríwísí eré fún ìwé ìròyìn, ṣí àpótí ìjókòó tó wà lábẹ́ fèrèsé, ó sì bá òkú ọkùnrin kan nínú rẹ̀.

Gbogbo eyín òǹwòran ló máa ń hàn ní ibi tí Mortimer ti ń bi àwọn ìyá àgbà náà léèrè, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń se ọbẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpayà rẹ̀ ni orísun ẹ̀rín eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

3.2 Ohun tó yí padà. Lórí ìtàgé, yàrá kan ṣoṣo ni eré náà ń lò, pálọ̀ àwọn Brewster. Capra ṣí ilẹ̀kùn fún un. Fíìmù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù baseball ní Brooklyn, níbi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, ó gba ibẹ̀ dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìgbéyàwó, kí ó tó dé ilé náà. Nínú eré, àfẹ́sọ́nà ni Mortimer àti Elaine. Nínú fíìmù, wọ́n ti ṣègbéyàwó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nǹkan kékeré lèyí jọ, ṣùgbọ́n ó mú kí ìdúró ìyàwó tuntun náà di wàhálà tí aago ń kà. Lẹ́yìn èyí, Capra padà sínú pálọ̀ kan náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Ó mọ̀ pé híhá tí wọ́n há mọ́ inú ilé náà wà lára ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Jonathan, ẹ̀gbọ́n Mortimer, ọ̀daràn tí dókítà ti gé ojú rẹ̀ tún ṣe. Inú bí i gidigidi nítorí pé àwọn ènìyàn ń sọ pé ó jọ Boris Karloff, gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù ẹlẹ́rù. Ní Broadway, Boris Karloff fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Jonathan. Ẹ fojú inú wo bí gbọ̀ngàn á ṣe rí nígbà tí wọ́n bá sọ fún Karloff pé ó jọ Karloff! Nígbà tí àkókò fíìmù tó, Josephine Hull, Jean Adair àti John Alexander gba ààyè kúrò ní Broadway láti wá ṣe Abby, Martha àti Teddy níwájú kámẹ́rà. Wọn kò yọ̀ǹda Karloff, torí òun ni ọ̀pọ̀ èrò ń tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Raymond Massey ni wọ́n fi dípò rẹ̀, wọ́n sì kun ojú rẹ̀ kí ó lè jọ Karloff. Ìtàkùrọ̀sọ kò yí padà, ẹ̀rín rẹ̀ ló yí padà. Lórí ìtàgé, ẹ̀rín náà wá láti inú ohun tí òǹwòran mọ̀ nípa òṣèré tó dúró níwájú wọn. Nínú fíìmù, iṣẹ́ àtíkè àti iná ló kù tó ń gbé e.

Òpin eré náà tún yàtọ̀. Lórí ìtàgé, aṣọ ìtàgé ń wálẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá àgbà náà ń fi wáìnì lọ ọ̀gá ilé ìtọ́jú tó wá mú wọn lọ. Fíìmù kò parí síbẹ̀. Ní Hollywood ayé ìgbà yẹn, òfin ìwà ọmọlúàbí kan wà tí fíìmù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, òfin yẹn náà ló sì mú kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí Mortimer fi ń yọ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé òun kì í ṣe ọmọ bíbí ìdílé náà.

Cary Grant ló ṣe Mortimer nínú fíìmù. Ojú rẹ̀ ni kámẹ́rà gbájú mọ́ nígbà tí ó ṣí àpótí náà: ó wò ó, ó dé e, ó yí padà, ìgbà yẹn ni ohun tó rí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e. Grant fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun ti ṣe àṣejù nínú fíìmù yìí, ọ̀pọ̀ aríwísí sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà níbẹ̀. Ojú tí a yọ kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn lè rí i máa ń pọ̀ jù nínú àwòrán àsúnmọ́.

Capra parí yíya fíìmù náà ní òpin ọdún 1941, ṣùgbọ́n ọdún 1944 ni wọ́n tó gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn. Àdéhùn ni pé fíìmù kò gbọdọ̀ jáde títí eré orí ìtàgé yóò fi parí ní Broadway. Àwọn onítíátà mọ̀ pé bí ẹ̀dà tó rọrùn láti rí bá ti wà níta, owó ẹnu ọ̀nà á dínkù. Kókó yìí yóò padà wá sí ojútáyé nínú ìtàn Moses Ọláìyá.

4. Ẹgbẹ́ Aláwàdà àti *Ọ̀run Móoru*

4.1 Baba Sàlá lórí ìtàgé. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sàlá, jẹ́ ọmọ Iléṣà. Wọ́n bí i ní ọdún 1936, ó sì papòdà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Orin ló kọ́kọ́ ń ṣe. Nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni ó yí sí eré ṣíṣe, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, sì gbé e wọ inú ilé àwọn ènìyàn.

Kí ó tó la ẹnu ni ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀. Táì ọrùn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, awò ojú rẹ̀ kò ní gíláàsì nínú, aago ńlá tó yẹ kí ó wà lára ògiri ni ó so mọ́ra bí aago ọwọ́. Bàbá ahun ni, tó fẹ́ràn obìnrin, tó gbà pé òun gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ, tí gbogbo ènìyàn sì ń rẹ́ jẹ.

Àwọn ẹgbẹ́ onítíátà alárìnkiri ilẹ̀ Yorùbá kì í sábà ní ìwé eré tí a kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tán. Olórí ẹgbẹ́ á la ìtàn sílẹ̀, á sọ ibi tí ìran kọ̀ọ̀kan ń lọ, òṣèré á sì fi ọ̀rọ̀ ojú-ẹsẹ̀ kún un. Bí àwọn èrò Òṣogbo bá rẹ́rìn-ín sí àwàdà kan, wọ́n á fà á gùn. Bí ti Àkúrẹ́ bá dákẹ́ sí i, wọ́n á yára kọjá. Òǹwòran pàápàá a máa dá sí i: wọ́n á kìlọ̀ fún Baba Sàlá pé kí ó má gba nǹkan lọ́wọ́ gbájú-ẹ̀, òun náà á sì dá wọn lóhùn láti orí ìtàgé. Ní ọ̀nà yìí, ara àwọn òǹkọ̀wé eré náà ni òǹwòran wà.

4.2 Fíìmù náà. Hubert Ògúndé ló ti fi ọ̀nà hàn. *Ayé*, eré orí ìtàgé rẹ̀, di fíìmù ní ìparí àwọn ọdún 1970, Ọlá Balógun ló sì darí rẹ̀. Balógun kan náà, tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris, ni Moses Ọláìyá gbé iṣẹ́ fún. *Ọ̀run Móoru* jáde ní ọdún 1982.

Lámídì, tí Baba Sàlá ṣe, bọ́ sọ́wọ́ babaláwo èké kan tó ṣèlérí láti fi owó kún inú àwọn àgbá fún un. Owó kò sí nínú àgbá, gbogbo ohun tí ó ní sì ti lọ. Ayé sú u débi pé ó fẹ́ kú, ó sì bá ara rẹ̀ ní ọ̀run, níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ó padà sáyé, ó di olówó òjijì, ìnáwó sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí fíìmù fi kún un hàn gbangba. Lórí ìtàgé, ọ̀run lè jẹ́ aṣọ àti iná aláwọ̀; kámẹ́rà lè mú un lọ sí ibi tí a ti tò gẹ́gẹ́ bí ìlú mìíràn, kí ó sì gé àwòrán láti ayé bọ́ sí ọ̀run ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àgbá tún wà. Lójú ìtàgé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò lè rí inú rẹ̀; ojú Baba Sàlá ni yóò fi mọ̀ pé òfìfo ni. Kámẹ́rà lè bẹjú wo inú àgbá náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì yí padà sí ojú rẹ̀. Àwàdà kan náà di ìgbésẹ̀ méjì.

Ohun tó sì lọ kò kéré. Kò sí ẹni tó lè kìlọ̀ fún Lámídì mọ́ kí ó gbọ́. Bí òǹwòran bá rẹ́rìn-ín jù, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e á sọ nù, torí fíìmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí Aláwàdà fi gba ipò òǹwòran ni àwọn ẹ̀dá ìtàn tó yí Lámídì ká, tí wọ́n ń ṣe ìyàlẹ́nu, tí wọ́n ń bú u, tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Aṣọ Baba Sàlá náà ṣiṣẹ́: òǹwòran tó ti mọ̀ ọ́n láti orí tẹlifíṣọ̀n kò nílò àlàyé kankan.

4.3 Owó ẹnu ọ̀nà. Àwọn onífíìmù Yorùbá ìgbà yẹn ń gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé eré kiri, wọ́n sì ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Owó ńlá ni fíìmù ṣíṣe ń gbà, torí òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Kí Moses Ọláìyá tó rí owó rẹ̀ kó jọ, ẹ̀dà ayédèrú *Ọ̀run Móoru* ti wà lórí fídíò káàkiri. Àwọn ènìyàn ń wò ó nínú pálọ̀ wọn, gbèsè sì wọ ọ̀gá aláwàdà lọ́rùn. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, *Ààrẹ Àgbáyé* àti *Mosebọ́látán* wà lára wọn, ṣùgbọ́n àdánù náà kò tán lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ààbò tí àdéhùn Broadway fún Kesselring, òun kò ní irú rẹ̀. Àdánù ńlá ni fún gbogbo eré Yorùbá.

5. Àpẹẹrẹ kúkurú mẹ́ta

*Kòṣeégbé* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá jẹ́ eré orí ìtàgé tí ó wà nínú ìwé, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà kí ó tó wo fíìmù rẹ̀. Túndé Kèlání ló sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1995. Ìtàn ọ̀gá aṣọ́bodè kan tó kọ rìbá ni, àwọn tí ọ̀nà jíjẹ wọn dí sì gbìmọ̀ láti bà á lórúkọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ẹnu mímú Ìṣọ̀lá kò jẹ́ kí ó sú ni.

*Harvey* ti Mary Chase, eré ọdún 1944 tó di fíìmù ní ọdún 1950, gbé ìbéèrè mìíràn wá. Ọ̀rẹ́ Elwood Dowd ni ehoro kan tó ga ju ènìyàn lọ, tí kò sí ẹlòmíràn tó ń rí i. Lórí ìtàgé, òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣèré tó. Kámẹ́rà ní láti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí. Ọmọ Houston, Jim Parsons, ló ṣe Elwood ní Broadway ní ọdún 2012, èyí tó fi hàn pé fíìmù kì í pa eré tó bí i.

Àpẹẹrẹ kẹta wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Texas fúnra wọn. Nínú ìdíje eré oníran kan tí University Interscholastic League ń ṣe fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, eré kò gbọdọ̀ kọjá 40 ìṣẹ́jú. Olùkọ́ tó bá fẹ́ mú eré gígùn lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gé e. Ìtúntò nìyẹn pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà kò sí níbẹ̀: èwo nínú àwàdà náà ni ìtàn kò lè rìn láìsí rẹ̀?

6. Àwọn kókó

Ìsọdi-fíìmù yàtọ̀ sí ìkásílẹ̀ eré. Òǹwòran orí ìtàgé ń bá wọn dá ẹ̀rín sílẹ̀. Fíìmù ń fi àwòrán àsúnmọ́, gígé àwòrán àti ìṣesí àwọn ẹ̀dá ìtàn yòókù rọ́pò wọn. Ìtàkùrọ̀sọ kan náà lè mú ẹ̀rín mìíràn wá bí òṣèré bá yí padà. Òfin àti àdéhùn owó sì lè yí òpin eré padà, tàbí kí ó ba iṣẹ́ òṣèré jẹ́.

7. Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìsọdi-fíìmù àti ìkásílẹ̀ eré? Fi àpẹẹrẹ kan tí o ti wò fúnra rẹ ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.

2. Ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ nípa ìrísí Jonathan fi mú ẹ̀rín tó yàtọ̀ wá ní Broadway àti nínú fíìmù.

3. Ka ìran kan nínú *Kòṣeégbé*, kí o sì wo ìran kan náà nínú fíìmù Kèlání. Kọ ohun mẹ́ta tó yí padà, kí o sì sọ ohun tí o rò pé ó fà á.

4. Béèrè lọ́wọ́ òbí tàbí àgbàlagbà kan tó wo Baba Sàlá lójúkojú tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n: àwàdà wo ni kò gbàgbé? Kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ fún ọ, lẹ́yìn náà ṣàlàyé bóyá ọ̀rọ̀ ló fa ẹ̀rín náà tàbí ìṣesí.

5. Kọ ìran apanilẹ́rìn-ín olójú ìwé méjì tó wáyé ní ìdí ọ̀pá ìrántí San Jacinto nítòsí La Porte, láàárín ìyá àgbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kọ ọ́ fún ìtàgé. Tún un kọ fún kámẹ́rà, kí ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀ má sì ju ìlàjì ti àkọ́kọ́ lọ.

6. Kí ẹ pín sí ẹgbẹ́ méjì nínú kíláàsì. Kí ẹgbẹ́ kan ṣe ìran orí ìtàgé náà níwájú àwọn yòókù, kí èkejì fi fóònù ya ti kámẹ́rà. Ẹ kọ ibi tí àwọn òǹwòran ti rẹ́rìn-ín nínú méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì jíròrò ibi tí wọn kò ti bá ara mu.